Ìkòkò Ògì Tí A Kì í Fọ̀ Tán

Bàbá mi ọ̀wọ́n, onígbá fínfín ọmọ Ọ̀yọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Láàárọ̀ yìí, kí n tó wẹ̀, kí n tó run orín pàápàá, mo ṣí igbá lórí ìkòkò ògì mi. Igbá yín ni, èyí tí ẹ fín aláǹgbá sí lára, tí ọ̀bẹ yẹ̀ lọ́wọ́ yín tí ìrù aláǹgbá náà fi kúrú, tí ẹ wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ológbò ló lé e tó fi fi ìrù sílẹ̀ sá lọ. Mo gbé igbá náà lé orí àpótí. Omi orí ògì ti tòrò bí omi òjò, mo sì ń rí funfun ògì tó jókòó jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì di etí ìkòkò mú, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ìdí rẹ̀ díẹ̀, mo ń da omi náà bí ẹ ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo rí òwú funfun tín-ín-rín tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé omi jáde, mo mọ̀ pé ó tó, mo dúró. Mi ò dà á tán. Mo fi omi kíkan díẹ̀ sílẹ̀, mo wá rọra bu omi tuntun lé e láti ẹ̀gbẹ́, kí ògì má baà rú. Lẹ́yìn náà mo ti ìka kan bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n, mo sì di ojú kan. Ìdí tí a fi ń di ojú kan, ẹ kò sọ fún mi rí. Ṣé ó wà lára iṣẹ́ náà ni, àbí kíkan ògì ló kàn ń mú yín?

Ẹ kò mọ̀ pé mo ti kúrò ní Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín ni ìròyìn dé pé ilé ẹ̀kọ́ ìlera kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbà mí. Ìyá mi ń fọ abọ́ àlejò lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n sì ń fọ abọ́ wọn lọ. Ó dùn mí pé ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí ní nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí mo ti ń fi àkísà di ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó dá mi lójú pé ẹ̀ bá ti mú igbá tuntun kan, ẹ̀ bá ti fín nọ́ọ̀sì sí i lára, abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ì bá sì tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ẹnì kan, ibi gbogbo ló jìn sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti mọ ara wọn láti ilé ìwé girama. Bí a bá ń bọ̀ láti kíláàsì, wọn á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn kan nísàlẹ̀, ohùn kan lókè, á sì dùn. Èmi á máa rìn lẹ́yìn díẹ̀, kí n lè gbọ́ orin náà láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n gbè é. Ibùsùn kò kárí nílé ẹ̀kọ́ wa, torí náà mo gba yàrá kan lẹ́yìn oríta Takie, lọ́dọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràbí. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n. Ràbí, ọmọ wọn, ń kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe. Ó ní ọmọbìnrin kan, Rọ́fíà, tó ń fẹ́ jókòó ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ṣì ń wúwo jù fún un. Gàníyù ni àbíkẹ́yìn ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń tún rédíò ṣe. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín, igi ló fi ń rìn. Ẹnu rẹ̀ ni kò tín-ín-rín. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á na etí rẹ̀ sí mi bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò tó jìnnà, á ní ẹ̀rọ ọmọ Ọ̀yọ́ yìí dára, bátìrì ni kò sí nínú rẹ̀, kí n lọ sá bátìrì mi sóòrùn. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa fún yín, torí ó kàn yín. Mísíìsì Oyèlọ́lá ló ń kọ́ wa nípa àjẹsára. Bí wọ́n bá ti wọnú ẹ̀kọ́ tán, wọn á bọ́ bàtà kan sábẹ́ tábìlì, wọn á máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá a kiri bí ó bá ti yí lọ. Ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni mo mọ̀, torí ilẹ̀ ni ojú mi máa ń wà. Wọ́n ní inú ìfun ènìyàn kò ṣófo. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí kún ibẹ̀ bí èrò ọjọ́ ọjà, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n ń gba ààyè kí èyí tó burú má baà rí ibi jókòó sí. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti ń rò ó pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí ló ń bá ara kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ níjà, torí ẹranko tí wọ́n bá tọ́ síbi tí kòkòrò kankan kò sí, tí à bá rò pé ara rẹ̀ á le koko, ara ọ̀hún kì í mọ ìjà jà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan béèrè bóyá kí a má fọ ọwọ́ mọ́ nìyẹn. Mísíìsì ní ọwọ́ ni kí a máa fọ̀, kí a fi ìfun sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kan oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu. Kòkòrò àrùn náà gan-an ni, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ó gbọ́dọ̀ délé inú ìfun, kó rí ibi wọ̀ sí fúngbà díẹ̀, kí ara wò ó dáadáa, kó mọ ojú rẹ̀, kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí èyí tó lágbára bá dé. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ náà, ó dà bí àlejò tó wọ̀lú láàárín àgbàrá. Omi lè gbé e lọ kó tó kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n tún ní oúnjẹ kan wà tí àwa tó jẹ ẹ́ kò lè dà. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn èrò inú ìfun wọ̀nyẹn, àwọn ló ń jẹ ẹ́. Irú rẹ̀ wà nínú ọmú ìyá. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà. Irú rẹ̀ wà nínú àlùbọ́sà. Bàbá, mo bú sẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, gbogbo wọn sì yíjú wò mí. Ẹ̀yin ni mo rí, tí ẹ ń rẹ́ àlùbọ́sà tútù sínú ẹ̀kọ láràárọ̀, tí ìyá mi á fa ẹní wọn sẹ́yìn, tí ẹ̀yin á ní oníbàárà kì í ná igbá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ àlùbọ́sà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ń bọ́ àwọn kan? Rárá, ẹ kò mọ̀. Ẹ kàn fẹ́ràn àlùbọ́sà ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ìgbà tí ẹnì kan bá dárúkọ yín níbi tí mi ò rò.

Nígbà tí kíláàsì túká, mo lọ bá Mísíìsì, mo fi ohùn ẹ̀fọn mi béèrè bóyá ọmọ tí a bá ń bọ́ àwọn èrò inú rẹ̀ dáadáa ni àjẹsára máa ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ jù. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wọ bàtà wọn. Wọ́n ní ìbéèrè tó dára ni, àwọn kan ń wá ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n wá béèrè orúkọ mi. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè orúkọ mi nílé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ yẹn ló sì wá di ẹrù sí mi lọ́kàn nílé. Ẹ wò ó, ní àdúgbò wa, bí àwọn elétò ìlera bá ń bọ̀, àwọn ìyá mìíràn á gbé ọmọ sá wọ yàrá. Ìyá Ràbí kì í sá. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ Gàníyù. Wọn kò fẹ́ kí Rọ́fíà fi igi rìn láéláé. Kí oògùn náà má sì baà kùnà, bí ó bá ku ọ̀la, wọn á se ewé tó ń fọ inú, wọn á rọ ọ́ fún Rọ́fíà, kí ikùn rẹ̀ lè mọ́ tónítóní de oògùn òyìnbó, bí ẹni gbálẹ̀ de àlejò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ ọmọ á ti di omi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, Bàbá. Ìfẹ́ yẹn ló sì ń da iṣẹ́ oògùn náà rú.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ kẹ́yìn, torí wọ́n ń mú àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo iṣẹ́. Mísíìsì ló ń kán oògùn. Wọ́n wo ojú Rọ́fíà tó ti jìn wọlé, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Ràbí bóyá inú ọmọ náà dá. Ràbí wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Mísíìsì kán an fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní ka èyí mọ́ ọn, kí wọ́n fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n sì gbé e padà wá nígbà tí inú rẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, Ìyá Ràbí ń ronú. Nígbà tí a dé Takie, wọ́n ní àwọn ti mọ ibi tí ọ̀ràn wà. Ìdọ̀tí ṣì wà nínú ọmọ náà ni. Àgbo ìgbà tó ń bọ̀ ni àwọn yóò jẹ́ kó ki jù báyìí lọ.

Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni mí, ọmọ tó dé láìpẹ́, tí màá fi sọ fún àgbà pé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ-ọmọ wọn kò dára? Àwọn nìkan ló ń pè mí ní ọmọ mi nílùú yìí. Àwọn ló ń gbé ẹ̀kọ sí ẹnu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé mo tọrọ. Mo ṣí ẹnu ní ẹ̀ẹ̀kan, mo wá fi kí wọn kú iṣẹ́. Bí ẹ bá wà, ẹ̀yin ni ǹ bá bi. Ṣé ẹ̀ bá ti bá mi sọ ọ́ ni, àbí ẹ̀ bá kàn fún mi ní àlùbọ́sà jẹ?

Ìkòkò ògì ló gbà mí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nípa ìmọ́tótó ti wọ̀ mí lórí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wo ìkòkò tí mo gbé wá láti Ọ̀yọ́, mo rí i pé inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀. Ohun tí ẹ kọ́ mi, pé a kì í fọ ìkòkò ògì tán, fò lọ lórí mi pátá. Mo da ògì inú rẹ̀ nù, mo wá oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ìkòkò náà títí ọwọ́ mi fi bó. Mo sẹ́ ògì tuntun sí i, mo bò ó, mo sì ń yangàn. Ògì náà kò kan. Ó kọ́kọ́ ń rùn bí ilé ìwòsàn, ó wá ń rùn bí ohun tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwòsàn.

Òórùn rẹ̀ ló fa Ìyá Ràbí wá sí yàrá mi. Wọ́n ṣí igbá, wọ́n fi ìborùn bo imú, wọ́n sì jókòó sórí ibùsùn mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n pe Ràbí kó wá gbóòórùn ògì Ọ̀yọ́. Gàníyù fi igi rẹ̀ kan ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó wo inú ìkòkò, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí Ìyá Ràbí rẹ́rìn-ín tán, wọ́n béèrè ohun tí mo fi fọ ìkòkò. Mo sọ fún wọn. Wọ́n mi orí.

“Ta ló ní kí o fọ ìkòkò ògì dé egungun? Ohun tó ń mú un kan, inú ibẹ̀ ló ń gbé. O lé onílé jáde, o wá ń retí àlejò.”

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni. Bóyá nítorí pé ẹ̀rín ṣì wà nínú yàrá náà ni, bóyá nítorí pé ohùn yín ni mo gbọ́ nínú tiwọn, ẹnu mi là.

“Ìyá, bí ìkòkò yìí ni inú Rọ́fíà rí.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dúró mọ́. Mo sọ nípa àwọn onílé inú ìfun, mo sọ nípa oògùn tó ń wá ibi wọ̀ sí, mo sọ pé àgbo tó ń fọ ikùn ń kó onílé lọ, ó sì ń ti àlejò síta pẹ̀lú. Mo sọ pé ìdọ̀tí kọ́ ló wà nínú ọmọ náà. Ìyá Ràbí kò wò mí. Gàníyù ni wọ́n ń wò.

“Ṣé èmi ni mo wá fọ tìrẹ dànù?”

Bàbá, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò lọ. Ràbí fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ní rárá, pé nígbà tí Gàníyù wà lọ́mọ ọwọ́, kò sí ẹni tó kán ohunkóhun sí i lẹ́nu, oògùn náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ohun tí wọ́n lè fọ̀ dànù. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Gàníyù sì jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí á gba ohun tó wí. Rédíò yìí kì í sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.”

Ìyá Ràbí dìde, wọ́n lọ sí yàrá wọn. Nírọ̀lẹ́, kò sí ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo mu gàárì, mo ń wo ẹrù mi, mo ń rò ó bóyá yóò wọ inú àpò kan tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan. Ìkòkò kékeré ni, ọ̀kan nínú èyí tí Ìyá Ràbí fi ń ṣe òwò, inú rẹ̀ dúdú, wọn kò fọ̀ ọ́. Wọ́n fi ògì díẹ̀ àti omi kíkan sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi ewé bò ó. Ìkòkò tí mo da omi rẹ̀ láàárọ̀ yìí nìyẹn. Tiwa láti Ọ̀yọ́ ti gba òórùn oògùn, kò wúlò mọ́. Igbá yín ló kù, ó sì bá ti Ìyá Ràbí mu bí ẹni pé wọ́n jọ ra wọ́n ni.

Láti ìgbà náà, inú Rọ́fíà ti rọlẹ̀. Ọmú ló ń mu, àti ògì fífúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ti yọ padà, ó sì ti ń jókòó fúngbà díẹ̀ kó tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbo tó ṣẹ́kù, Ìyá Ràbí kò fẹ́ fi ṣòfò, wọ́n ní kí Gàníyù mu ún. Ẹ̀yìn ilé ló wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń ké pè mí pé òun ló ní kí n sá bátìrì sóòrùn, ẹ̀bi òun ni. Ìyá Ràbí náà ti ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní oògùn òyìnbó náà bí àna ẹni ni, ó fẹ́ bá ènìyàn nílé kó tó jókòó.

Síbẹ̀, Bàbá, ọ̀la ni ọjọ́ àjẹsára, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí díẹ̀. Ní ọ̀sán yìí, mo rí èéfín nílé ìdáná. Mo rọra wọlé, mo ṣí ìkòkò orí iná. Ẹ̀wà ni. Ìyá Ràbí dúró lẹ́yìn mi, wọ́n béèrè ohun tí mo ń wá. Mo ní kò sí. Wọ́n pè mí ní ọlọ́pàá Ọ̀yọ́, wọ́n bù fún mi, wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà tútù lé e lórí. Mi ò tíì sọ fún wọn nípa yín àti àlùbọ́sà rí. Ta ló sọ fún wọn?

Wọ́n ní kí n má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, èmi tí mo mọ̀wé ni yóò gbé ọmọ náà lọ. Nítorí náà, lọ́la, màá tètè jí. Màá da omi ògì, màá fi díẹ̀ sílẹ̀. Màá pọn Rọ́fíà, Ìyá Ràbí á wà lápá ọ̀tún, Ràbí á wà lápá òsì. Bí Mísíìsì bá béèrè bóyá inú ọmọ náà dá, mi ò ní wo ilẹ̀. Màá dáhùn, màá sì dáhùn sókè, kí Gàníyù gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fi igbá yín bo ìkòkò ẹlòmíràn, tó sì ń di ojú kan títí di òní.